Wọ́n Ti Mọ̀ Kí Eegun Mi Tó Mọ̀

Ogun abẹ́lé ò tíì parí nígbà tí wọ́n gé ọmú òsì mi. Aṣọ iṣẹ́ ni mò ń rán nígbà náà, ofaróòlù búlúù tí àwọn tó ń já ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá máa ń wọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Malu Road, láàárín ẹnì kan tó ń lẹ táyà àti àwọn wẹ́dà tó ń jó irin. A ń gbé nínú Ajégúnlẹ̀, nínú ilé kan tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ẹ ó ti gbọ́ Yorùbá, Ìgbò, Urhobo àti pidgin kí ẹ tó bọ́jú tán láàárọ̀.

Kókó tí mo kọ́kọ́ rí nínú ọmú náà ò ju èkùrọ́ lọ. Ó le lábẹ́ ìka, ṣùgbọ́n kò dùn mí, ohun tí kò bá sì dun èèyàn, ta ló ń gbé e lọ bá dókítà? Ọkọ mi ló ṣàkíyèsí pé ọwọ́ mi kì í kúrò níbẹ̀. "Ìyá Ìbejì," ó ní, "kí lo ń wá níbẹ̀?" Bí mo ṣe fi hàn án, kò jẹ́ kí n sinmi. Lọ́jọ́ kejì ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tó jẹ́, nítorí ohun tí mo máa sọ níwájú. Kireeni ló ń wà ní wọ́ọ̀fù. Ọmọ Ìlàjẹ ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, tó máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó má baà jí àwọn ọmọ. Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, mo kàn tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó fẹ́ mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ò bá mi lọ. Ìjọra lòun ń gbé, ó ń kírun rẹ̀. Àpò fulawa tó ti ṣófo ló ń rà, á fọ̀ ọ́ títí lẹ́tà ara rẹ̀ á fi ṣí, á wá tà á fún àwọn tó ń fi í rán aṣọ ibùsùn. Òun ló máa ń pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa bá lọ ná ọjà. Kò sí ohun tí mo fi pa mọ́ fún un rí, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe sí mi.

Nígbà tí ojú mi là lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà àgbà tó ṣe é wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, a ti yọ ọ́. Lọ sílé, lọ tọ́jú àwọn ọmọ rẹ." Lẹ́yìn náà ló pe ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n mi sínú ọ́fíìsì. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú ẹ̀gbọ́n mi ti pọ́n.

"Àǹtí, kí ló dé?"

"Ayọ̀ ni, àbúrò mi. Alihamudulilai, ayọ̀ ni."

Mo gbà á gbọ́. Kí ni ì bá mú kí n má gbà á gbọ́?

A ṣe ìdúpẹ́. Pásítọ̀ ní kí n bọ́ síwájú kí n jẹ́rìí, mo sì dúró níwájú ìjọ pẹ̀lú ọmú kan, mo sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ wá mi wá sílé, kò bá mi nílé. Wọ́n hó yè. Ẹ̀gbọ́n mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, òun tí kì í wọ ibẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fi ìborùn bojú. Ọkọ mi dorí kodò ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní ìpọ́njú kò ní dìde lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo wa sì ṣe àmín.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí òótọ́ ni. Mo rán ọmú fún ara mi: mo gé lára àpò fulawa ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó ti rọ̀ dáadáa, mo kó òwú sí i, mo wá da ọkà bàbà díẹ̀ sáàárín òwú náà kó lè wúwo bí èkejì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú gbogbo àwọn tó ń wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi máa ń kó wa wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá lọ sí Máríínà. A kàn ń lọ, a ń bọ̀ ni, a ò ní ẹni tí a fẹ́ kí. Á máa fi àwọn ọkọ̀ òkun han àwọn ìbejì, á máa sọ orílẹ̀-èdè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Mo máa ń rẹ́rìn-ín débi pé afẹ́fẹ́ á ká ìborí mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní kí àkọ́bí mi, ọmọbìnrin, máa wá lo gbogbo ọlidé lọ́dọ̀ òun. Ó kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè, ó kọ́ ọ ní aṣọ fífọ̀, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná àti bí wọ́n ṣe ń ná ọjà. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi lè dá ilé ṣe. Mo ń yangàn kiri. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ọmọ mi bí ẹni pé òun ló bí i.

Nǹkan kan ló ń dùn mí nígbà náà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ yẹn, ọkọ mi ò fẹ́ kí n lóyún mọ́. "Àwọn tí a ní ti tó," ni yóò wí, á sì yíjú sí ògiri. Èmi fẹ́ ọmọ kan sí i. Mo máa ń wo àpá àyà mi nínú dígí, mo máa ń sọ fún ara mi pé: ara rẹ ti di ìríra lójú rẹ̀, ó kàn ń ṣe sùúrù fún ọ ni.

Lẹ́yìn tí ìjọba ti ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn tí a ti gbàgbé ṣílè tí a ń ná náírà, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Níbẹ̀rẹ̀, bíi ti àárẹ̀ ni. Mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Aránṣọ wo ni ìbàdí kì í ro? Ẹ̀gbọ́n mi á gbé òrí wá láti Ìjọra, á yọ́ ọ, á fi wọ́ mi láti ìbàdí dé ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n.

"Àǹtí, àbí ẹ̀yin náà ti ń darúgbó ni?"

"Àgbà ń kàn, àbúrò mi. Dojú dé ilẹ̀."

Ọkọ mi ń wí pé kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Ó wí i, ó tún un wí. Mo ní nítorí ìbàdí ríro lásán? Iṣẹ́ pọ̀ níwájú mi. Ọdún yẹn ni ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì tò lọ bẹẹrẹ lójú omi, tí wọn ò ráyè gúnlẹ̀. Wọ́ọ̀fù ń gba èèyàn kún èèyàn, ofaróòlù ò sì ṣeé rán tó. Ọkọ mi wò mí, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo ṣì ń rí ẹnu náà. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó ti ibẹ̀ jáde, ǹ bá gbé aṣọ mi wọ̀, ǹ bá tẹ̀lé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbá ẹrù ofaróòlù mọ́ àyà, mo fẹ́ gba orí pákó kọjá gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mi ò yọ̀. Mi ò kọsẹ̀. Mo kàn fi ara ti ẹsẹ̀ òsì, mo sì gbọ́ ìró kan láti inú itan mi, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nínú gọ́tà, aṣọ búlúù ti fọ́n ká sórí omi. Àwọn wẹ́dà sáré wá. Ìlẹ̀kùn irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán ni wọ́n fi gbé mi lọ sínú mọ́tò, mo sì ń pariwo pé kí wọ́n bá mi ṣa aṣọ oníbàárà.

Dókítà tó tọ́jú mi lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Ó gbé fọ́tò eegun mi síbi iná, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró síbi ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Mà," ó ní, "nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọmú fún yín, ṣé wọ́n sọ fún yín pé ó ti dé abíyá?"

"Pé kí ni ó dé abíyá?"

Ó yíjú sí ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi dá sí i kíákíá. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta."

"Kò sẹ́ni tó ń lọ síta," mo ní. "Dókítà, èmi ni mo ni ara. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ó fa àga, ó jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Ó ní jẹjẹrẹ tí wọ́n yọ lọ́mú mi ti wọ abíyá kí wọ́n tó yọ ọ́, àti pé bó bá ti dé ibẹ̀, ó lè fara pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọjú níbòmíràn. Ó ní àrùn náà ló jẹ itan mi títí tó fi ṣẹ́. Ó wà ní ìbàdí, ó wà nínú eegun ẹ̀yìn. Kì í ṣe àrùn tuntun, ti ọmú yẹn náà ni, ibùgbé ló pààrọ̀. Ó wá sí mi lọ́kàn pé bíi ti ayálégbé ni, tí gbogbo ilé ń dúpẹ́ pé ó ti kó lọ, àṣé yàrá mìíràn ló gbà nínú ilé kan náà.

"Dókítà tó ṣe é nígbà yẹn á ti ṣàlàyé fún àwọn ará ilé yín," ó ní.

Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Àǹtí?"

Ẹkún ti gbọ̀n ọ́n. "Èmi ni mo ní kó má sọ fún ọ. Má bá a jà. Èmi ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

"Ta ló tún mọ̀?"

Ọkọ mi ní, "Pásítọ̀."

"Ta ló tún mọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi etí ìborùn nu ojú. Ó ní, "Ìyá wa."

Ìyá wa ti kú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti sin ín sí Ẹ̀pẹ́. Ọwọ́ mi ni ó dì mú nígbà tó ń lọ, ó ń súre fún mi pé màá gbó, màá tọ́, màá rí ọmọ ọmọ. Ó mọ̀, ó sì ń súre. Mi ò lè pè é dìde kí n bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo ní kí gbogbo wọn jáde.

Wọ́n fi okùn àti irin wúwo fa ẹsẹ̀ mi sókè, mo sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kò síbi tí mo lè yí sí. Ohun tí mo ń ṣe lórí ibùsùn náà ni pé mo ń tú àwọn ọdún mi palẹ̀ bí aránṣọ ṣe ń tú aṣọ tí kò gún. Ọkọ̀ ojú omi Sátidé: ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ní nǹkan tí wọ́n á fi máa rántí mi ni. Ọlidé Ìjọra: ẹ̀gbọ́n mi ń múra ọmọ mi sílẹ̀ láti ṣe ìyá fún àwọn àbúrò rẹ̀ ni. Bí mo bá mú ọ̀kan tó dùn jù jáde, òun ló máa ń korò jù. Èmi ń gbé ayé mi, àwọn ń bá mi ṣe ìdágbére. Wọ́n ti ń ṣòkú mi láti ọjọ́ pípẹ́, èmi ni mo sì ń rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀.

Mo bínú sí ara mi náà. Mo mọ̀ pé ẹran ara kì í dúró: èèyàn á sanra, á rù, ọmú á yọ, á ṣubú. Ṣùgbọ́n eegun! Eegun ni mo fi ara tì láti ìgbà tí mo ti kọ́ ìrìn. Bí mo bá dùbúlẹ̀, tí mo sì gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó dà bíi pé ẹni tí mo ń bá jẹun nínú àwo kan náà ni mo fọwọ́ kàn, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ti ń fọ̀rọ̀ mi ṣòwò.

Pásítọ̀ wá kí mi. Kó tó ṣí Bíbélì, mo bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n wá jẹ́rìí?"

Ó ní ìgbàgbọ́ lòun fi ṣe é.

"Ìgbàgbọ́ ta ni, sà? Tèmi ni ẹ ná."

Ó gba àdúrà kúkúrú, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé oúnjẹ wá lójoojúmọ́, mo sì ń ní kí nọ́ọ̀sì gbé e fún ẹlòmíràn. Ọkọ mi á wá láti wọ́ọ̀fù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, á jókòó, mi ò ní bá a sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ẹni tó jẹ́ kí n jẹun ni obìnrin ará Wàrí tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja tútù wá, ó fi gbogbo ìdí jókòó sórí ibùsùn mi, ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe.

"My sister, vex," ó ní. "Vex well well. Dem do you bad. But chop this one first, make you get power take vex."

Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ gọ́tà, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu mi. Kò ní kí n dákẹ́. Ó ń yọ eegun ẹja fún mi, ó ń fi ìka bọ́ mi.

Dókítà ọ̀dọ́bìnrin náà ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi láti ọjọ́ náà. Ó ní wọn ò lè lé e kúrò nínú eegun mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá a dúró fúngbà díẹ̀. Wọ́n gbé mi sábẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fi iná tí ojú ò rí jó o. Wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn, wọ́n yọ ilé ẹyin mi, torí pé nǹkan kan tó ń ti ibẹ̀ wá ló ń bọ́ àrùn náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí mo fẹ́ bí sí i parí sí. Ìrora náà rọlẹ̀, kò lọ tán. Mo fi ọ̀pá méjì rìn padà wọ Ajégúnlẹ̀, gbogbo ilé jáde, wọ́n ń kí mi kú ewu. Mo ń dá wọn lóhùn, mo sì ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan tí àwọn ọmọ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkọ mi fa àpótí jókòó síwájú mi. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, bú mi. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ń pa mí."

"Kí ni kí n bú yín sí?"

"Tí mo bá sọ fún ọ nígbà yẹn, ṣé wàá tún rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí omi?"

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n tàn jẹ ni ẹ ń wò. Ṣé ó dùn yín wò?"

Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi.

Mo wá bi í ní ohun tí mo ti gbé mì láti ọdún pípẹ́. "Ọmọ tí ẹ ò jẹ́ kí n bí ńkọ́?"

"Dókítà ló ní oyún lè jí i. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù bà yín. Ẹ wá jẹ́ kí n máa rò pé mo ti di ohun ìríra lójú yín. Mo ń bọ́ra nínú òkùnkùn kí ẹ má baà rí mi."

Ọkùnrin náà wò mí bíi pé mo gbá a létí. Kò mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tó ń ṣọ́ mi, tó ń gbé mi bí ẹyin, kò mọ̀ pé ohun tí mò ń rò nìyẹn. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, ó fi orí lé ẹsẹ̀ mi tó dá ṣáṣá, ó sunkún sókè, òun tí kì í gbóhùn sókè. Mi ò gbá a mọ́ra. Mi ò tì í kúrò náà. Mo ní, "Láti òní lọ, kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan nípa ara mi tí etí yín máa gbọ́ kí tèmi tó gbọ́ ọ."

Ó ní òun ti gbọ́.

Ìgbà tí mo mọ̀ pé ó gbọ́ lóòótọ́ ni ọjọ́ tí a padà lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀dọ́bìnrin náà ti lọ kàwé sí i, dókítà àgbà kan ló rọ́pò rẹ̀. Ó wo fọ́tò mi tán, ó sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ ń ṣe dáadáa," ó wá ṣẹ́ ojú sí ọkọ mi kó tẹ̀lé òun síta. Ọkọ mi ò dìde. Ó di apá àga mú.

"Sà," ó ní, "níwájú rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́ níwájú rẹ̀, èmi náà ò fẹ́ gbọ́."

Dókítà bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó sọ ọ́. Àrùn náà ti dé eegun ìhà. Ọ̀rọ̀ náà burú, ṣùgbọ́n kò dé etí ẹnikẹ́ni kó tó dé tèmi. Nígbà tí a ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo gbé ọwọ́ mi lé ti ọkọ mi. Mi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ gọ́tà.

Mo wá pinnu pé èmi fúnra mi ni màá sọ fún àkọ́bí mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sí òun bí wọ́n ṣe ṣe sí mi. Ó ti fẹ́ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Mo pè é síbi tó ti ń ká aṣọ, mo ní, "Ọmọ mi, jókòó. Ohun tó wà lára mi, kò ní lọ."

Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. "Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí Ìjọra. Àǹtí ni wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní kí n fọkàn sí iṣẹ́ ilé, pé ó lè kàn mí lójijì." Ó tún ọrùn aṣọ kan ká. "Wọ́n ní bí mo bá fi lè sọ fún yín, ẹ máa tètè kú."

Ọmọdé tí eyín rẹ̀ ṣì ń ká ni nígbà náà. Gbogbo ìgbà tó ń dé láti ọlidé tó máa ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, tó ń bá mi sùn tí mo ń sọ pé ó ti dàgbà jù, ó ń ṣọ́ bóyá mo ṣì ń mí.

Èyí ló dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ti ọkọ mi, mo lè wádìí rẹ̀, kí n rí ìfẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá láti Ìjọra, ìdọ̀tí fulawa ṣì wà létí aṣọ rẹ̀.

"Àǹtí, kí ni ẹ rò tí ẹ fi gbé e lé ọmọ yẹn lórí?"

Ó dúró, kò jókòó. "Mi ò lè dá gbé e mọ́."

"Ọkọ mi wà níbẹ̀. Ìyá wa wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọ mi ni ẹ rí?"

"Ó gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ ilé, àbúrò mi. Mo ń rò ó pé bó bá ṣẹlẹ̀ lójijì—"

"Èmi ńkọ́? Èmi náà ì bá kọ́ ọ! Ọmọ mi ni! Bí ẹ bá sọ fún mi, èmi ni ǹ bá jókòó tì í, èmi ni ǹ bá kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan yẹn. Ẹ gba ikú mi lọ́wọ́ mi, ẹ tún gba ọmọ mi mọ́ ọn."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Ẹ̀yìn mi lo wà kí o tó mọ̀ ọ́n rìn," ó ní. "Mi ò lè wò ọ́ lójú kí n sọ fún ọ pé o máa kú. Mi ò lè ṣe é."

"Ẹ lè sọ fún ọmọ mi."

Ó ká ìborùn rẹ̀, ó lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí n tó jẹ́ kó padà wọ yàrá mi. Ó ń wá báyìí lẹ́yìn Jímọ̀, a máa ń ṣa ẹ̀wà pọ̀, a máa ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n gógó àti àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Mi ò tíì dárí jì í. Mo ti sọ fún un bẹ́ẹ̀ ní ojú rẹ̀, torí mi ò fẹ́ fi ẹ̀rín tàn án. Ó ní òun á máa wá. Mo ní kó máa wá.

Mi ò lè tẹ ẹ̀rọ mọ́. Mo ń gé aṣọ lórí ìjókòó, ẹlòmíràn á sì rán an. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìrora á dá mi mọ́lẹ̀ pátápátá, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń bá wọn dé etí omi. Dókítà ò lè sọ ìgbà fún mi, mo sì mọrírì pé ó ní òun ò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi dé láti ibi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó ń bá mi wẹ ẹ̀yìn, ó ń fi kànìnkànìn yẹra fún àwọn ibi tó ń dùn mí. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Màmá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Gbogbo wọn ló ti ń bẹ̀rù nítorí mi láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi mí.

"Ó ń bà mí," mo ní.

"Ó ń ba èmi náà."

Ó bu omi lé mi lẹ́yìn. Ó gbóná díẹ̀ jù, mo ní kó fi tútù là á.